Herbert Macaulay, Ayàwòrán Ilé àti Awọnlẹ̀ ní Èkó

Bí a bá dárúkọ Herbert Macaulay ní Èkó, ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọn a rántí irun ètè rẹ̀ tí ó nà sí ọ̀tún àti sí òsì, aṣọ funfun rẹ̀, àti táì kékeré tí ó máa ń so mọ́ ọrùn. Wọn a rántí pé àwòrán rẹ̀ ni ìjọba fi sí ara owó náírà kan oníwèé ní ọdún 1979. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin yìí tó di aṣáájú nínú ìṣèlú, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó kọ́, iṣẹ́ náà sì ni iṣẹ́ rúlà, yíǹkì, àti ṣéènì tí a fi ń wọn ilẹ̀. Ó jẹ́ ayàwòrán ilé, ó sì jẹ́ awọnlẹ̀. Èrò tiwa ni pé ẹni tí kò bá mọ bí ó ti ṣe iṣẹ́ yìí kò lè mọ ìdí rẹ̀ tí àwọn olóyè Ìsàlẹ̀ Èkó fi gbé ọ̀ràn ilẹ̀ wọn lé e lọ́wọ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ gba ọ̀nà yìí sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

A bí Ọláyínká Herbert Samuel Heelas Macaulay ní Èkó ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, ọdún 1864. Ọdún náà kò ṣe é gbàgbé fún àwa Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé ní oṣù kẹfà rẹ̀ ni a fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní ilé ìsìn ńlá Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bíṣọ́ọ̀bù yìí gan-an ni baba tí ó bí ìyá Herbert. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn ọmọ Òṣoògùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, tí a sì gbé dé Sàró. A kò ní tún un sọ níhìn-ín. Abigail ọmọ rẹ̀ ni aya Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó ṣí Grammar School ti Ìjọ C.M.S. ní Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, 1859. Ìyẹn ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga kìíní ní gbogbo ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà.

Inú ilé Bíbélì àti ilé ìwé ni a bí ọmọ náà sí. Ó kàwé ní St. Paul's Breadfruit àti ní ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ ní Fájì, ó sì wọ Grammar School ní 1877, nígbà tí baba rẹ̀ ṣì jẹ́ olórí ibẹ̀. Kò pẹ́ tí ó wọlé tí baba náà fi kú, ní 1878. Ọmọ ọdún 13 ni Herbert nígbà náà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù ni, tí baba rẹ̀ sì jẹ́ àlùfáà, kò gba ọ̀nà ìwàásù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1881, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka Public Works ní Èkó, ó di akọ̀wé kékeré.

Iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ kò ní ìyì lójú ẹni. A ní kí ó máa to orúkọ àwọn tí ìjọba ti fún ní ìwé ilẹ̀, kí ó máa kọ wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹni tí ó bá ń wá ìwé kan lè rí i láìpẹ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa sú ọ̀dọ́mọkùnrin. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú àwọn ìwé náà.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọjọ́ náà tó dé, kì í ṣe ìwé ni a fi ń mọ onílẹ̀. Àwọn olóyè onífìlà funfun tí à ń pè ní Ìdẹ̀jọ ni onílẹ̀. Lábẹ́ wọn ni àwọn ìdílé ń gbé, olúkúlùkù lórí ibi tí baba ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, kò sì sí ẹnì kan tí ó lè dá ta ohun tí gbogbo ẹbí ni. Lẹ́yìn 1861 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ènìyàn ní ìwé tí a ń pè ní Crown Grant. Orúkọ ẹnì kan ni a ń kọ sínú rẹ̀. Níbẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Ìwé mọ ẹnì kan, ṣùgbọ́n ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn ni ó ń sùn ní agbo ilé náà. Bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé bá jẹ gbèsè, olówó rẹ̀ lè gba ilé, kí a sì lu gbàǹjo lé orí àwọn ìyá àgbà tí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìwé kan wà. Ẹlòmíràn sì wà tí ó gba ìwé lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí pé òun ni ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹni tí ó nilẹ̀ kò sì gbọ́. Akọ̀wé tí ń to àwọn orúkọ wọ̀nyí lójoojúmọ́ yóò mọ ibi tí ìwé gbé bá ilẹ̀ mu àti ibi tí kò gbé bá a mu, láti Ìdúmọ̀tà títí dé Oníkàn. A kò rò pé ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Èkó nígbà náà tí ó lè kọ́ ọmọ ọdún 17 ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Láti ìdí títo orúkọ ni ó ti bọ́ sí ìdí tábìlì àwòrán. Ó di ayàwòrán ilé àti ilẹ̀ fún ìjọba. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbìyànjú láti ya àwòrán kíláàsì yín fún ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì yóò mọ̀ pé iṣẹ́ náà kò rọrùn bí ó ti rí lójú. A ó kọ́kọ́ lọ sí orí ilẹ̀ pẹ̀lú ṣéènì onírin, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 66, tí ó ní ìsokọ́ra 100. 80 irú rẹ̀ ni ó ṣe máìlì kan. A ó ri òpó mọ́lẹ̀ ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, a ó na ṣéènì láti orí ọ̀kan dé èkejì, a ó sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kékeré kí a tó ṣí kúrò níbẹ̀. Bí a bá padà dé ọ́fíìsì ni a ó wá fi rúlà àti pẹ́ńsùlù fa gbogbo rẹ̀ sórí pépà ní kékeré, kí ẹsẹ̀ bàtà púpọ̀ lórí ilẹ̀ di ínṣì kan. Lẹ́yìn náà ni yíǹkì yóò tẹ̀lé e, àti àwọ̀ tí a fi ń ya ilé, ọ̀nà àti omi sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Yíǹkì kì í dárí jini. Bí ó bá ti ta sí ibi tí kò yẹ, ìgbà púpọ̀ ni a óò tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan wà ní ọ̀rúndún náà tí wọn ń fín àwòrán ilé ńlá sí ara bàbà tàbí irin pẹlẹbẹ, tí a ó wá fi yíǹkì kùn, tí a ó sì tẹ̀ sínú ìwé. John Le Keux, tí ó kú ní 1846, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jùlọ; ọwọ́ rẹ̀ ni ó fín púpọ̀ nínú àwòrán tí ó wà nínú àwọn ìwé John Britton lórí àwọn ilé ìsìn àtijọ́. Ẹni tí kò dé ìlú kan rí lè jókòó sí ilé rẹ̀, kí ó ṣí ìwé, kí ó sì ka òpó àti fèrèsé ilé ìsìn ìlú náà. Ní Èkó, ayàwòrán ìjọba ni ó wà ní ipò bẹ́ẹ̀. Àwọn aláṣẹ tí ó wà ní London kò rí ọ̀sà, wọn kò sì rí agbo ilé. Pépà ni wọ́n rí. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà, ìyàtọ̀ náà sì tóbi. Bí Le Keux bá ṣi irin fà, ilé ìsìn náà yóò ṣì dúró níbi tí ó wà. Bí ayàwòrán ní Èkó bá sún ìlà kan kúrò ní ipò rẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ẹbí kan ni ó bá a lọ.

Ìjọba rí i pé ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà dára. Ní oṣù keje ọdún 1890, ní ìgbà Gómìnà Alfred Moloney, a fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà dé góńgó. Ìlú Plymouth ni ó lọ, ní etí òkun, ó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ G. D. Bellamy, ẹni tí í ṣe awọnlẹ̀ àti onímọ̀ iṣẹ́ omi fún ìlú náà. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ọ̀nà, gọ́tà, páìpù omi, àti bí a ti ń fi ìṣirò mọ ẹrù tí ògiri lè rù. Ó kọ́ dùùrù olókùn tí a ń pè ní fàólìn pẹ̀lú, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí lórí rẹ̀. Títí ó fi darúgbó ni ó fẹ́ràn orin. Nígbà tí ó padà ní 1893, a kò tíì rí ọmọ ilẹ̀ wa mìíràn tí ó kọ́ irú iṣẹ́ yìí dé ibi tí òun kọ́ ọ dé.

Èkó tí ó bá ń yí padà kíákíá. Ní Pópó Àgùdà, àwọn tí ó ti ilẹ̀ Bùràsíìlì bọ̀ ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi símẹ́ńtì ya òdòdó sí lára. Ní 1894 a ṣí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, ilé tí ẹwà rẹ̀ kò tíì ṣá. Ní 1896 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà ojú irin láti Ìddó lọ sí òkè. Níbikíbi tí irú nǹkan báyìí bá ti ń ṣẹlẹ̀, owó ilẹ̀ a máa lọ sókè, ẹjọ́ ilẹ̀ a sì máa pọ̀. A fi Macaulay ṣe awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ìjọba. Ọdún márùn-ún ni ó fi ṣe é. Ní àkókò náà, Òyìnbó tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ ilẹ̀ ń gba owó jù ú lọ fíìfíì, èyí kò sì dùn mọ́ ọn. Àwọn aláṣẹ náà ní ẹ̀sùn tiwọn. Wọ́n ní ó ń lo ipò rẹ̀ láti fi rí ìwé ilẹ̀ gbà fún àwọn ọ̀rẹ́. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1898, ó sì gba ìwé àṣẹ ní oṣù tí ó tẹ̀lé e láti máa ṣe awọnlẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ní ìparí ọdún náà ó fẹ́ Caroline Pratt. Kò pé ọdún kan tí aya náà fi kú ní ibi ìbímọ, ní 1899. Kò tún gbé ìyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ títí ó fi kú.

Nísinsìnyí ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ará ìlú. Lára àwọn ilé tí ó ya àwòrán wọn tàbí tí ó díyelé ni ilé amòfin E. J. Alex Taylor ní Victoria Street, ìyẹn òpópó tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Nnamdi Azikiwe. Ilé Dókítà Akinọlá Májà. Doherty Villa ní Campos Square, tí kò jìnnà sí Oníkàn. Àti ilé Henry Carr ní Tinúbú. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa má ṣe gbàgbé orúkọ tí a fi sẹ́yìn yìí, nítorí pé a óò tún bá a pàdé. Henry Carr ni ọ̀gá àwọn olùkọ́ ní Èkó, ọ̀mọ̀wé tí kò ní ẹlẹgbẹ́ ní ìgbà tirẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ kún fún ìwé láti òkè dé ilẹ̀.

Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni ó gbé Macaulay dé inú ìṣèlú, ó sì jọ wá lójú pé kò sí bí ìbá ti ṣe yẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ń na ṣéènì káàkiri agbo ilé a máa gbọ́ ẹjọ́ ìdílé. A máa rí ẹkún àwọn tí a lé kúrò. Nígbà tí Gómìnà Walter Egerton fẹ́ kí àwọn ará Èkó máa san owó omi ní 1908, Macaulay wà nínú àwọn tí ó ta kò ó, òun tí ó ti kọ́ iṣẹ́ omi ní Plymouth. Kì í ṣe pé kò mọ iyì omi páìpù. Ohun tí ó ń bi ìjọba ni ẹni tí yóò san owó rẹ̀, àti ẹni tí ó bi àwọn ìyálé tí ó ní kànga ní ẹ̀yìnkùlé wọn léèrè kí ó tó gbé ìṣirò kalẹ̀. Ní ọdún kan náà ó tẹ ìwé pélébé kan jáde lórí ọ̀nà tí a gbà ná owó ojú irin. Àwọn olóyè Ìsàlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí rí i bí ẹni tí ó lè bá Òyìnbó sọ̀rọ̀ ní èdè ìṣirò tirẹ̀.

A kò ní bo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1913 mọ́lẹ̀. A ti fi Macaulay ṣe olùtọ́jú ohun-ìní ẹnì kan tí ó ti kú. Kóòtù rí i pé ó ti ná owó tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Àwọn olùfẹ́ rẹ̀ a máa wí pé ìjọba ti ń wá a tipẹ́, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó àwọn ajogún ni owó náà, ẹni tí ń bá ìjọba jà nítorí ohun-ìní ẹlòmíràn kò sì yẹ kí a bá irú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀bi yìí ni ó dí i lọ́nà títí ayé rẹ̀, nítorí pé òfin kò jẹ́ kí ẹni tí ó ti ṣẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ jókòó ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn onílẹ̀ kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n tún gbé ìwé wọn wá.

Ọ̀ràn tí ó tóbi jùlọ wá láti òdìkejì omi. Ní 1913 kan náà, ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá fún ìlò ara rẹ̀. Olóyè Amodu Tijani, ẹni tí ó jẹ oyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ̀jọ, ni ilẹ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì béèrè owó fún gbogbo rẹ̀. Kóòtù ní Èkó dáhùn pé kò ní ẹ̀tọ́ sí iye owó ilẹ̀. Pé ẹ̀tọ́ tí ó ní kò ju ti olórí tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ, nítorí náà owó kékeré ni ó tọ́ sí i. Bí ìdájọ́ yìí bá dúró, kì í ṣe Àpápá nìkan ni yóò lọ. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé láti 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti di onílẹ̀ gbogbo, tí àwọn ìdílé sì di ayálégbé lórí egungun àwọn baba wọn.

Ní 1920, Olúwa wọ ọkọ̀ lọ sí London láti gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Privy Council, Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ro bí ó ti rí. Olóyè kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jókòó láàrin àwọn adájọ́ tí wọn kò dé Èkó rí, àwọn adájọ́ tí ó jẹ́ pé ní òfin tiwọn, ilẹ̀ kò lè ṣe kí ó má ní olúwa kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ẹni tí ó wà láàrin wọn ni akọ̀wé àtijọ́ tí ó ti to orúkọ inú Crown Grant láti ìgbà èwe rẹ̀, tí ó sì mọ ohun tí ìwé náà kò lè sọ. Ní oṣù keje ọdún 1921 ni Viscount Haldane ka ìdájọ́. Ó fi yé wọn pé kò tọ́ kí a máa fi òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ohun-ìní ilẹ̀ ní ibòmíràn. Pé ní Èkó ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí àti ti ìlú, tí olóyè ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn. Àti pé ìwé tí Dòsùnmú fi ọwọ́ sí kò gba ẹ̀tọ́ yìí kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Nítorí náà kí ìjọba san owó ilẹ̀ bí ẹni tí ń rà á lọ́wọ́ onílẹ̀ gan-an. £22,500 ni a san. Kì í ṣe ní Èkó nìkan ni ìdájọ́ náà gbé lókìkí. Àwọn adájọ́ ní Kánádà àti ní Ọsirélíà ti tọ́ka sí i nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ó ti wà lórí ilẹ̀ náà kí Òyìnbó tó dé.

Ayọ̀ náà kò wá láìsí ìbànújẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Macaulay gbé ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí, Ọba Èkó tí a ń pè ní Elékòó, dání lọ sí London, ó sì sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn níbẹ̀ pé Ọba náà ni olórí gbogbo mílíọ̀nù ènìyàn tí ó wà ní Nàìjíríà. A kò lè gbà á lẹ́nu rẹ̀ ní èyí; àsọdùn ni, òun náà sì mọ̀. Inú bí ìjọba. Wọ́n ní kí Èṣùgbàyí rán agogo yí ìlú ká láti kéde pé òun kọ́ ni ó rán an. Ọba kọ̀ láti rán agogo. Ìjọba yọ ọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀ ní 1920, wọ́n sì gbé e kúrò ní Ìgá Ìdúngánràn lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925. Ọdún mẹ́fà ni ẹjọ́ fi lọ tí ó fi bọ̀, títí Gómìnà Donald Cameron fi dá a padà sí Èkó ní 1931. Ọdún kejì ni Ọba náà wàjà.

Ní àárín ọdún wọ̀nyí ni ìjà pẹ̀lú Henry Carr bẹ́ sílẹ̀. Carr ti di Resident ní Èkó, ẹni gíga jùlọ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ó wà ní iṣẹ́ ìjọba, kò sì fara mọ́ ọ̀nà tí Macaulay ń tọ̀ lórí ọ̀ràn Elékòó. Ní 1924 Macaulay tẹ ìwé pélébé jáde pé kí Carr fi ipò náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ le, ó sì rorò ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ti àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó ṣòro fún wa láti ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí Henry Carr, ẹni tí ó sa gbogbo ipá rẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́. Ó tún ṣòro jù bí a bá rántí pé ẹni tí ó kọ ọ́ ti dúró nínú ilé náà rí ní Tinúbú pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́.

Ìyókù ti di mímọ̀ fún gbogbo ènìyàn, a óò sì yára kọjá lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, 1923, a dá ẹgbẹ́ òṣèlú Nigerian National Democratic Party sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì gba ijókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà fún Èkó ní ọdún náà. Ní 1927 ìwé ìròyìn Lagos Daily News bọ́ sí ọwọ́ òun àti Dókítà J. A. Caulcrick. Ní 1928 ó tún lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn náà tẹ̀ jáde nípa Elékòó. Láti ilé rẹ̀ ní Balbina Street, tí ó ń jẹ́ Kirsten Hall, ni ó ti ń darí gbogbo nǹkan. Àwọn ará Èkó a máa wí pé kò sí ohun tí a sọ ní ìkọ̀kọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba tí kò dé etí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n sì ń pè é ní Ejò-nígboro. Ní 1938 àwọn ọ̀dọ́ inú Nigerian Youth Movement ṣẹ́gun ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìdìbò.

Ó ti di arúgbó nígbà tí a tún ké sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1944 ni a fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ N.C.N.C., tí Nnamdi Azikiwe jẹ́ akọ̀wé rẹ̀. Ní 1946, ẹni ọdún 81, ó bá wọn jáde lọ káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà láti ta ko àwọn òfin tuntun, tí àwọn kan nínú wọn tún jẹ mọ́ ọ̀ràn ilẹ̀. Àìsàn kọlù ú ní Kano, a gbé e padà sí Èkó, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún. Ní itẹ́ òkú Ìkòyí ni a sin ín sí, èrò sì pọ̀ lọ́jọ́ náà bí omi.

Òpópó gígùn tí ó gba Yábàá kọjá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ Èkó ti wó, a sì ti kọ́ ilé gogoro sí ipò wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé rẹ̀ kò sọnù: àkójọ lẹ́tà, àkọsílẹ̀ ẹjọ́ àti ìwé pélébé rẹ̀ wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tí Henry Carr kú ní 1945, ìjọba ra ọ̀kẹ́ ìwé tí ó fi sílẹ̀ ní ilé rẹ̀, àwọn náà sì bọ́ sí ilé ìkàwé kan náà. Abẹ́ òrùlé kan ni ìwé àwọn méjèèjì wà.